Gọ́ọ̀mù Ìyẹ̀fun

"Ẹ fọwọ́ sí i, Mà, kọ́rọ̀ yìí tán," Kamburov, lọ́yà Zlatina, ń bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. "Ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi, wọn á bu owó ìtanràn lé yín, ẹ ó sì máa lọ sílé."

"Sílé, kí n máa ṣe kí ni? Wọn kì í gba ọ̀daràn kó máa dáná fáwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ sí i niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, mi ò ba nǹkan kan jẹ́!"

Wọ́n ní ó ba gíláàsì tuntun tí wọ́n fi sí ibùdókọ̀ jẹ́. Kí ló ṣe gan-an? Ìwé ìkéde òkú ọkọ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, bí gbogbo wa ṣe ń lẹ tiwa mọ́ igi àti òpó iná létí odò Dánúbì níbí. Wọ́n wá fẹ́ sọ opó di ọ̀daràn. Ẹ ò rí ayé!

Nígbà tí wọ́n wọ inú kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba gbé fọ́tò gíláàsì náà sókè. Àfi bí ẹni pé ológbò ha á léèékánná. "Gọ́ọ̀mù obìnrin yìí ló fà á," ó ní.

Zlatina ò jẹ́ kí lọ́yà rẹ̀ lanu. Ó yọ abọ́ kékeré kan nínú báàgì. "Ìyẹ̀fun àti omi ni, Adájọ́. Èmi ni mo sè é. Ẹ jẹ́ kí n fi kun gíláàsì orí tábìlì yín."

Adájọ́ Velcheva rẹ́rìn-ín. Zlatina kùn ún, ó lẹ bébà mọ́ ọn, adájọ́ ní kí gbogbo wọn lọ mu kọfí títí tó fi máa gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé, Zlatina da omi sí i, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. Ó mọ́ kedere.

"Ta ló wá ha gíláàsì ibùdókọ̀?" adájọ́ bèèrè.

Genadi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tí wọ́n pè wá jẹ́rìí, họrí. "Ọ̀bẹ ni mo fi yọ ìwé yẹn, Mà. Ọ̀gá wa ló ní kí n ṣe kíá."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Adájọ́ da ẹjọ́ nù lójú ẹsẹ̀.

Inú Kamburov dùn débi pé ó gbá obìnrin náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù ni Zlatina kọjá sí. Ó nawọ́ sí àpò ọ̀rá kan lórí tábìlì, tí ìwé ìkéde tí ọ̀bẹ ti ya sí méjì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀rí yẹn, ṣé ẹ ṣì ń lò ó? Ọkọ mi ni."

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Omi lé ròrò sójú Zlatina.

"Ẹ ẹ̀ ní lẹ òmíràn síbẹ̀ mọ́, àbí?" Kamburov bi í.

"Lọ́la ni. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi wa bọ́ọ̀sì tó ń dúró níbẹ̀. Àwọn èrò rẹ̀ ṣì ń bèèrè rẹ̀."