Àpótí Ẹnu Ọ̀nà

Ìgò mílíìkì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọ jòjòló wà lápá òsì, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Níbo ni n ó jókòó sí? Ọmọ ló kún orí gbogbo àga.”

“Màmá ti lọ. Wọ́n sùn lọ́sàn-án yìí, wọn ò jí mọ́.”

Ọ̀dọ̀ àbúrò yìí ni màmá wọn lọ lọ́sẹ̀ náà.

Kò pariwo. Tó bá figbe ta, gbogbo ọmọ tí àwọn òbí fi sí i lọ́wọ́ láàárọ̀ ni yóò bá a sunkún. Ó fún jòjòló mu tán, ó gbá a lẹ́yìn títí ó fi gùnfẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu, ó sunkún tirẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín sí Ọ̀gá Abẹ́ Tábìlì, ọmọkùnrin tí kì í gbà láti jẹun níbòmíràn.

Màmá tó kú yìí ló bá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ yìí nínú pálọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣòfin kan: títí àwọn òbí yóò fi kó ọmọ wọn tán, “Àǹtí” ni ọmọbìnrin tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa pè é. Bó bá ti ké “Màmá!” báyìí, àwọn tó kù á rántí ìyá wọn, ilé á dàrú. Ìyá àgbà ló wá wá ọgbọ́n sí i, kí ọmọ náà lè ní ẹni tirẹ̀. Tí ọmọ náà bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á ti jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, “Ó yá, Lọ́yà mi, ro ẹjọ́ òní.”

Wọ́n sìnkú tán, àwọn ọmọ padà dé.

“Àǹtí, ẹ̀ bá tún sinmi díẹ̀ sí i,” aránṣọ tó bí jòjòló sọ.

“Kí n sinmi? Ṣé abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lo máa tẹ́ ọmọ yìí sí?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò lójú àwọn méjèèjì.

Lọ́sàn-án, Lọ́yà ti ilé ìwé dé. Kò wọlé. Ó dúró ti àpótí tó ṣófo, báàgì rẹ̀ lẹ́yìn.

“Àǹtí,” ó ní jẹ́jẹ́, “gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ni yín. Èmi ni mo ni Màmá Àgbà. Ta ni mo wá ní báyìí?”

Ìyá rẹ̀ pọn jòjòló, ó wá jókòó sórí àpótí náà. Àpótí ọ̀hún kéré débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ó fa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ń tú okùn bàtà.

“Àǹtí, ẹ—”

“Màmá ni kí o pè mí.”

“Wọ́n á sunkún o!”

“Kí wọ́n sun ún. Màá rẹ̀ wọ́n lẹ́kún tó bá yá.”

Ọmọ náà yọjú wo pálọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá.”

Lábẹ́ tábìlì, ẹnìkan bú sẹ́kún. Ìyá bọ́ bàtà kejì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bí màmá rẹ̀ ti máa ń tò wọ́n, kí imú wọn kọjú síta.

“Ó yá, Lọ́yà mi,” ó ní, “ro ẹjọ́ òní.”