Ohùn Inú Àpótí Keje

"Ẹ lọ tún un tẹ̀," ni Ìyá Rúlà wí, ó sì fi ìka tọ́ka sí etí ojú ewé náà. "Àlàfo ibí yìí kò tó. Tí wọ́n bá di ìwé yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ yín á wọ inú ẹ̀yìn ìwé lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí i kà."

Ọkùnrin tó ni ìwé náà mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣèwádìí lórí iyọ̀ tó ń wọ inú omi kànga. Ó ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jà, ó sì ti ja àjàyè. Kò mọ̀ pé rúlà obìnrin kan ló kù tí yóò gbé òun dá.

Iṣẹ́ tí Ìyá Rúlà ń ṣe ní yunifásítì náà ni láti yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé wò kí wọ́n tó dì í: àlàfo etí ìwé, nọ́ńbà ojú ewé, bí orúkọ ṣe jókòó sí iwájú ìwé. Kò sẹ́ni tó ní kó ka ohun tó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wo àlàfo fún ọdún mọ́kànlélógún, ojú rẹ̀ á yà sórí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín. Ó ti ka ti obìnrin tó ṣèwádìí lórí bí àwọn adití ṣe ń fi ọwọ́ bú ara wọn. Ó ti ka èyí tó sọ ìdí tí afárá kan fi ń gbọ̀n nígbà tí èkejì rẹ̀ dúró gbọin, àti èyí tó kó ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń ṣe lẹ́yìn olùkọ́ wọn jọ. Dókítà kan lo ọdún mẹ́rin lórí eyín àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá. Nítorí ìwé yẹn, àbúrò Ìyá Rúlà tó ń wa tírélà kò lè mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èmi wọn aṣọ, ìdí àwọn oníbàárà mi nìkan ni mo mọ̀. Ìwọ wọn ìwé, o wá mọ ìdí ohun gbogbo láyé."

Oníyọ̀ kò tíì jáde tán tí Olóyin fi yọ. Oyin ló ń ṣèwádìí lé lórí, òun náà ló fa orúkọ ìnagijẹ yẹn. Obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún ni, oyin sì ti ta á títí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ oró mọ́. Ariwo rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ yìí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ orúkọ ni mo wá gbà."

"Ta ló fẹ́ yọ orúkọ?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá Rúlà gbé rúlà sílẹ̀. "Jókòó."

Olóyin jókòó sí etí àga. "Alábòójútó mi ní bí mi ò bá rí nǹkan kan mú wá kí sáà yìí tó parí, kí n yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mi ò bá a jiyàn. Ọdún márùn-ún, mà. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: kí oyin tó kó kúrò nínú àpótí, ṣé àmì kan wà tí ẹni tó ń sìn wọ́n lè rí? Mo wọn ooru inú àpótí. Mo gbé àpótí sórí ìwọ̀n. Mo ka oyin lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń ka ọmọ wọ bọ́ọ̀sì. Lónìí wọ́n wà. Tí n bá débẹ̀ lọ́la, ó ti ṣófo."

"Kò wá sí ohun mìíràn tí o wò?"

"Mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti wà nínú àpótí méjèèjìlá. Mo tẹ́tí títí etí fi ń dùn mí. Kùùù lásán ni, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alábòójútó mi ní kí n pa á rẹ́."

"Ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Ọwọ́ mi ò gbé e, mà. Ó wà nínú báàgì mi níbí."

Ìyá Rúlà yíjú sí orí tábìlì rẹ̀. Bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ó ti ka ọ̀rọ̀ yẹn, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mẹkáníìkì ni, ó sì wà nínú òkìtì tó wà níwájú rẹ̀ yìí. Mẹkáníìkì kọ ọ́ síbẹ̀ pé létí èèyàn, ohùn ẹ̀ńjìnnì kì í yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á títí dọjọ́ tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú ohùn náà bí ẹni ń tú irun dídì, yóò rí i pé fọ́nrán kan ti ń ké nínú rẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì tó dákú.

Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó sì fa ọwọ́ padà. Ìwé tí wọn ò tíì fi gba oyè, ojú ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án. Òfin ọ̀gá wọn nìyẹn, ẹni tí ó ti fi ìwádìí sílẹ̀ tipẹ́ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Akọ̀wé kan ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí irú rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sì kù kí Ìyá Rúlà fẹ̀yìn tì.

Ó gbé fóònù. "Mẹkáníìkì, ẹ wá wo etí ìwé yín. Ojú ewé igba ó lé mẹ́rin. Ó burú. Ẹ wá báyìí báyìí."

Kò sí ohun tó ṣe ojú ewé igba ó lé mẹ́rin.

"Mà, fọ́ọ̀mù mi ń kọ́?" ni Olóyin bi í.

"Ó ti tán. Wọ́n ń tẹ òmíràn. Jókòó jẹ́ẹ́."

Mẹkáníìkì dé pẹ̀lú òógùn. Ó ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti tún mọ́tò ṣe fún ọdún méjìdínlógún kó tó padà síléèwé, ọ́ìlì dúdú ò sì tíì tán léèékánná rẹ̀. "Mà, èmi fúnra mi ni mo wọn ojú ewé yẹn."

"Ẹ sinmi ná. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún obìnrin yìí."

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í bẹ ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí Olóyin fi fa àga rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó máa dé ọ̀rọ̀ irun dídì, Olóyin ti gbé kọ̀ǹpútà jáde.

Mẹkáníìkì kó ohùn àpótí kan sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú rẹ̀ bí òwú lórí aṣọ. "Má tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n lọ fún mi," ni ó wí. Ìka rẹ̀ ń rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dúró. "Wò ó. Nǹkan tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké níbí, lọ́jọ́ kọkànlá oṣù. Tó bá jẹ́ ẹ̀ńjìnnì ni, mi ò ní jẹ́ kí o gbé e jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta."

Olóyin fi ìka kan ìlà náà. "Ọjọ́ kẹrìnlá ni mo bá a lófìfo."

Ìyá Rúlà ò mọ ìgbà tó dìde dúró. Wọ́n wo àpótí kejì, fọ́nrán náà wà níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta náà wà. Ìgbà tí wọ́n dé ẹ̀kẹrin, Mẹkáníìkì wá a títí, kò rí i.

"Kò sí níbí o," ni ó wí.

Olóyin ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ gììrì. "Èèrà ló wọ ilé àwọn ìyẹn. Wọn ò gbèrò àtilọ. Ṣe ni wọ́n sá."

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu tábìlì tí òkìtì ìwé fi fẹ́ wó. "Ìyẹn tilẹ̀ dára jù. Ẹni tó sá, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè dágbére?"

Kò sẹ́ni tó tún bèèrè fọ́ọ̀mù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alábòójútó Olóyin wo àwòrán àwọn ìlà ohùn náà, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ti kọjá, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́. Ẹ sọ èyí tó ń bọ̀ fún mi."

Ni wọ́n bá ń ṣọ́ àwọn àpótí lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, fọ́nrán náà bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí keje. Mẹkáníìkì kọ ọ́ sí ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó sì fún ọ̀jọ̀gbọ́n: Ọjọ́rú.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Rúlà ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ó sì kọrí sí oko yunifásítì. Wọ́n fi àwọ̀n bo orí rẹ̀. Wọ́n dúró láti aago mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá lù, oyin ń lọ, oyin ń bọ̀, bí ọjọ́ gbogbo. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní kíláàsì ní aago kan," ni ó wí.

Olóyin rọra sún síwájú. Àpótí ló tẹjú mọ́.

Ohùn náà ló kọ́kọ́ yí padà. Kò sẹ́ni tó nílò kọ̀ǹpútà láti gbọ́ èyí. Lẹ́yìn náà ni oyin tú jáde bí omi tó bẹ́ páìpù, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn, wọ́n ń gòkè, títí ojú ọ̀run fi ṣú lórí wọn. Olóyin ń sunkún nínú àwọ̀n, kò sì ríbi nu ojú. Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu, ó gbàgbé kíláàsì.

Fóònù Ìyá Rúlà dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Níbo lẹ wà? Èrò tò sẹ́nu ọ̀nà yín títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn."

Ó lè ní ilé ìwòsàn lòun wà. "Oko oyin ni mo wà, ọ̀gá," ni ó wí. "Mo mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì pàdé ara wọn. Mi ò fi ìwé ẹnì kankan han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ka ohun tí wọ́n ní kí n wọ̀n."

"Kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Oyin ni. Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ pé wọ́n á lọ gan-an ni wọ́n ń lọ."

"Ìwé mélòó lẹ ti kà bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn, ọ̀gá."

"Tèmi náà?"

"Tiyín náà. Ti ẹja tó ń padà sí odò tí wọ́n ti bí i. Ọdún kejì tí mo débí ni. Ó dùn mọ́ mi."

Ìyá Rúlà dúró de ìbínú rẹ̀. Oyin ń lọ sókè, ariwo wọn ń jìnnà.

"Ọ̀gá," ni ó tún wí, "obìnrin kan wà ní ẹ̀ka àwọn tó ń kọ́ ìdídò, ògiri tí wọ́n fi ń sé omi odò. Àtẹ̀gùn tí ẹja á fi gun ìdídò kọjá ló fẹ́ kọ́. Kò mọ oṣù tí àwọn ẹja máa ń bọ̀."

Ìyá Rúlà gbọ́ tí ọ̀gá ń fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ṣí, tí ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni obìnrin náà máa ń ráyè?" ni ọ̀gá bèèrè.