Wàràkàṣì Tí Alákajú Kò Tọ́ Wò Rí

Ọdún mẹ́rin gbáko ni aránṣọ kan fi ń ṣe wàràkàṣì tí kò ní mílíìkì nínú fún ọkọ rẹ̀, débi pé àwọn aládùúgbò gbàgbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó kọ́, wọ́n ń pè é ní Alákajú. Dókítà ló sọ pé bí ọkùnrin náà bá tún fẹnu kan mílíìkì, ara rẹ̀ yóò wú, ó sì lè pa á. Bẹ́ẹ̀ wàràkàṣì ni ẹ̀mí rẹ̀. Obìnrin náà ò lè wò ó níran.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń rẹ kóró kajú sómi. Tó bá di ọjọ́ kejì, á lọ̀ ọ́ kúnná, á bu iyọ̀ sí i, á sì da omi kíkan tó tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i. Á dì í sínú aṣọ funfun, á so ó kọ́ kí omi rẹ̀ máa kán, lẹ́yìn náà á gbé áyọ́ọ̀nù tó wúwo jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé e lórí. Nítorí pé kajú wọ́n bí ojú, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ níbẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ pàápàá, ṣíbí ló fi ń ha á padà sínú abọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní ìlú mìíràn kọ̀wé sí i pé kó wá ṣe ọ̀gá àwọn aránṣọ wọn. Ipò tó ti ń wù ú láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó ní bóun bá lọ, ta ni yóò máa ṣe wàràkàṣì rẹ̀? Ọkùnrin náà wo abọ́ iwájú rẹ̀, ó ní òótọ́ ni o, ó sì gé òmíràn sẹ́nu. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alákajú kọ̀wé padà pé òun ò lè wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń rán àpò jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ya. Ọwọ́ rẹ̀ ba bébà ọlọ́ràá kan. Ó gbé e símú: mílíìkì. Àyà rẹ̀ já. Ẹnì kan ti fún ọkọ òun ní ohun tó lè pa á! Kò ráyè bọ́ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó mú oògùn tí dókítà fún ọkọ rẹ̀ fún ara wíwú, ó sáré lọ sí ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ẹrù sí, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe awakọ̀.

Aṣọ́nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo bébà náà, ó wo obìnrin tó ń mí hẹlẹ, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ojoojúmọ́ ni ọkọ yín ń jẹ wàràkàṣì mílíìkì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti ní ara wọn ti gbà á. Àwọn ni wọ́n ra wàràkàṣì fún gbogbo wa lọ́jọ́ tí dókítà sọ bẹ́ẹ̀.”

Láti ẹnu ọ̀nà náà ló ti fi fóònù pe ilé iṣẹ́ aṣọ náà pé òun ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti mú ẹlòmíràn láàárọ̀.

Nígbà tí ọkọ dé nírọ̀lẹ́, bébà náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì wàràkàṣì tó kù.

“Àánú ẹ ló ṣe mí,” ọkọ rẹ̀ sọ. “Mo rí i bó o ṣe ń ṣe wàhálà lé e lórí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.”

“Lọ́jọ́ Ajé tí mo sọ fún yín pé ìwé dé ńkọ́? Ṣé àánú mi náà ló ṣe yín?”

Inú bí Alákajú. Ó fa àga, ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó gé èyí tó tóbi nínú wàràkàṣì náà, ó fi sẹ́nu. Ó ti múra sílẹ̀ pé yóò korò, tàbí pé iyọ̀ rẹ̀ yóò ti pọ̀ jù, kó lè mọ̀ pé ó nídìí tí ọkùnrin yìí fi ń lọ jẹ níta.

Kò korò. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ó sì kúnná lórí ahọ́n. Ìgbà yẹn ni omijé dé. Ó gé òmíràn, ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́, títí kò fi ku nǹkan kan.