Ẹ̀rí Pé Bàbá Afọláyan Ṣì Wà Láyé

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i." Nìmọ́tà yọ mọ́dẹ̀mù kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tún fi í sí àyè rẹ̀.

"Mo ń dúró náà ni," Bàbá Afọláyan dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì. "Ibo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Láti aago mọ́kànlá ni tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì yìí ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Nìmọ́tà l'Ápòmù. Ọ̀kadà ló gbé e wá láti Wásinmi. Ohun tó wá ṣe kò ju kó tẹ̀ka lọ, kí àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì lè mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yìí gan-an ni wọ́n máa ti ètò náà. Ẹni tí kò bá tíì tẹ̀ka nígbà yẹn, òkú ni wọ́n máa kà á sí, owó rẹ̀ á sì dúró. Bàbá kan ní Ararọ̀mí-Òwu tí wọ́n kà mọ́ òkú lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń rìn lọ rìn bọ̀ kí wọ́n tó gbà pé òun kọ́ ló kú.

Ohun tó ń jẹ Nìmọ́tà lọ́kàn jù ni pé bàbá yìí ti wá lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ló kún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, owó tiwọn sì ju ti bàbá lọ. Ló bá ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí, ẹ padà wá ní Jímọ̀." Irọ́ gbuu! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ náà ò ní àlèébù kankan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá. Ti Nìmọ́tà ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n mú iná lọ, àárọ̀ òní ni wọ́n tó dá a padà. Látìgbà tí iná sì ti dé, kò sí ohun tí Nìmọ́tà kò tíì ṣe. Ó pààrọ̀ síìmù. Ó ra dátà tuntun. Ó gbé mọ́dẹ̀mù lọ sójú fèrèsé. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kọ̀ǹpútà ní òun ti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ ṣí, ìkìlọ̀ pupa ló ń jáde. Síìmù kan náà ló fi sínú fóònù rẹ̀, ojú ìwé náà sì ṣí wéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ka kò bá fóònù ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yìí nìkan ló mọ̀.

Àbídì onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. "Ẹ gbá a lẹ́yìn dáadáa. Tẹlifíṣọ̀n tèmi, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe é."

"Àbídì, lọ gérun, jọ̀ọ́!"

"Ẹni tó ń bá ọ tún un ṣe ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Abdulwaheed? Ìkirè ló wà, Bàbá. Ó ti lọ kírun Jímọ̀, ó sì pa fóònù."

Aago mẹ́ta ti kọjá kí Abdulwaheed tó pè padà. Nìmọ́tà rojọ́ fún un láìmí.

"Fara balẹ̀," Abdulwaheed ní. "Kí ni aago tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ń sọ?"

Nìmọ́tà wò ó títí, kò rí aago kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ bébà bo igun náà, ó ti tó ọdún méjì, nítorí àwọn oníbàárà tó ń san owó wákàtí máa ń tẹjú mọ́ aago yẹn, wọ́n á máa bá a jiyàn pé ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó kọ "A KÌ Í TA ÀWÌN" sórí bébà náà, ó sì gbàgbé pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi èékánná ṣí i kúrò.

"Yéè! Abdulwaheed, ó ní ọdún 2009 la wà!"

Abdulwaheed bú sẹ́rìn-ín. "Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní mọ ọjọ́ mọ́. Ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ tí kò mọ ọjọ́ òní. Tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe, kó o wò ó."

Bàbá ti dìde, ó ti gbé awò sójú. "Jẹ́ n rí i." Ó tẹjú mọ́ ọn. "2009. Ìyàwó mi, Ìyá Ògoolúwa, ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ó ṣì ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa."

Àánú rẹ̀ ṣe Nìmọ́tà. Ó dá ọwọ́ dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Tún un ṣe, ọmọ mi. Àkókò ń lọ."

Ó tún un ṣe. Ojú ìwé náà ṣí. Bàbá tẹ àtàǹpàkò, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Oko kòkó tó ń ṣe látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ti jẹ ojú ìka náà tán. Nìmọ́tà fi aṣọ tútù nù ún, ó bá a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ wà láàyè, Bàbá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Bí o ṣe dúró tì mí láti àárọ̀, Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀. O ò ní ṣe làálàá lásán. Ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ." Àdúrà ń wọ́ tẹ̀ lé àdúrà, àmín kan ò sì lè jáde lẹ́nu Nìmọ́tà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo ń wá. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Bàbá padà sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó rọra nù ún.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà," ó ní. "O rò pé mi ò dá ọmọ tó ń purọ́ mọ̀? Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Inú bí mi gan-an. Láti àárọ̀ yìí ni mo ti ń retí ìgbà tí o máa sọ ọ́."

Nìmọ́tà ò lè gbójú sókè.

"Dìde. Má ṣe irú ẹ̀ fún arúgbó mìíràn mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí àmọ́dún."

"Àmín, Bàbá," ni Nìmọ́tà wí.