Àgbélébùú Orí Òyìnbó Sùlé

"Ta ló gbé èyí lé bàbá mi lórí?"

Dáníẹ́lì kò pariwo. Ó kàn dúró síwájú sàréè náà, ó nawọ́ sí àgbélébùú sìmẹ́ńtì tó ga dé orúnkún rẹ̀, ó sì ń retí èsì. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti wọkọ̀ òfuurufú wá, ọjọ́ kejì rẹ̀ ní Ìlọrin sì nìyí. Lára àgbélébùú náà, wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: Solomon Lindner, Onígbàgbọ́ Tòótọ́, 1949.

Ayọ̀díjí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú ìjọ, tó yọjú láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì wá ṣílẹ̀kùn fún wọn, fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Ilé-iṣẹ́ tí bàbá yín bá ṣiṣẹ́ ló gbé e síbẹ̀, sà. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó tó bá kú nílùú yìí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá."

"Júù ni bàbá mi."

"A ti gbọ́, sà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ṣilómò ni."

Ayọ̀díjí fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó kọjú sí Adépọ̀jù tó mú àlejò náà wá. "Bàbá, ẹ bá mi ṣàlàyé fún un. Bí a bá yọ ọ̀kan lónìí, ẹlòmíràn á ní ká yọ tòun lọ́la. Ilẹ̀ ìjọ ni. Ìgbìmọ̀ ò lè gbà. Ẹ̀yin gan-an kúkú mọ̀."

Adépọ̀jù mọ̀. Kò wo apá ibi tí igi dọ́gọ́ńyárò wà, níbi tí sàréè ìyàwó rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, òun náà jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan náà. Mùnírátù ni orúkọ tí wọ́n sọ ìyàwó rẹ̀ ní Ọjà-Ọba, kí ìjọ tó fún un ní Juliana lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi. Orí àìsàn ló ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pé, "Orúkọ méjèèjì ni kí o kọ sí mi lórí o." Ìgbìmọ̀ ní orúkọ Mùsùlùmí kò lè wà lórí ilẹ̀ ìjọ. Adépọ̀jù tẹríba, ó ní ó dáa. Juliana nìkan ni wọ́n kọ.

"Màá ṣàlàyé fún un," ló wí.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn kúrò níbẹ̀. Dáníẹ́lì kọ mọ́tò. Ó ní òun fẹ́ tẹ ilẹ̀ tí bàbá òun tẹ̀. Nítorí èyí ni òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí ṣe ránṣẹ́ sí Adépọ̀jù, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé létà láti Póòsì Ọ́fíìsì káàkiri Ìlọrin. Kò sí kọ̀rọ̀ tí ajá ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti ń sún mọ́ Ọjà-Ọba kí àlejò náà tó la ẹnu. Ọmọ ọdún méje lòun, ó ní, nígbà tí bàbá òun fi òun sínú ọkọ̀ ojú omi ní Póláǹdì pé kí òun máa lọ sọ́dọ̀ ìbátan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá náà rí iṣẹ́ sí Áfíríkà, ó ń ra òrí àti ẹ̀pà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlọrin. Àwọn tó kù sílé, ogun Hítílà pa gbogbo wọn. Lọ́dún tó kọjá, òun lọ sí àdúgbò wọn ní Póláǹdì, obìnrin kan sì mú òun rìn ín láti òpópónà dé òpópónà.

"Kò ku ẹyọ Júù kan níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé inú ilé wa. Ṣùgbọ́n àmì wà lára òpó ìlẹ̀kùn, níbi tí àwọn ará wa máa ń kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́. Ojúlé mọ́kànlá ni mo ti rí i. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò mọ ohun tó jẹ́." "Kò síbi tí mo lè fọwọ́ bà pé ti bàbá mi ni, àfi ibi tẹ́ ẹ mú mi lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ sì rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Adépọ̀jù dúró. Ó mọ ẹnì kan ṣoṣo láyé tó bá Òyìnbó Sùlé, bí ará ìlú ṣe ń pe bàbá Dáníẹ́lì, ṣiṣẹ́: Àbdùlkàrímù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó náà, òun àti ẹ̀gbọ́n yìí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, Àbdùlkàrímù ka ohun tó wà lára òkúta, ó ní, "Àwa ò mọ ẹni tẹ́ ẹ sin," ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

"Ẹ yà síhìn-ín," Adépọ̀jù wí.

Àbdùlkàrímù wà níwájú ilé, ó ń fọwọ́ ran fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá náà kò gbójú sókè. "Onílétà. Ṣé òkú mìíràn lo fẹ́ bá wa sọ lórúkọ ni?"

Adépọ̀jù gbé e mì. "Ọmọ Òyìnbó Sùlé ni mo mú wá kí yín."

Abẹ́rẹ́ dúró. Àbdùlkàrímù wo àlejò náà láti òkè délẹ̀. "Irọ́ kọ́. Ìdúró ẹ̀ rèé. Bàbá ẹ náà máa ń dúró bí ẹni tí bàtà ń há mọ́. Sọ fún un pé Mùsùlùmí gidi ni bàbá ẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún un. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó sì kọlà bíi tiwa."

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ ìyẹn?"

"Odò Asà la jọ ń wẹ̀. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ó ń gbààwẹ̀, kò ní mu omi. Ọjọ́ kan lọ́dún ni. Mo ní, 'Ọ̀gá, ó ṣì ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n o.' Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn."

Nígbà tí Adépọ̀jù túmọ̀ rẹ̀, Dáníẹ́lì bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ nu ojú. "Ẹ sọ fún wọn pé Júù ni."

"Yahúdì?" Àbdùlkàrímù gbé fìlà sílẹ̀. "Ọdún méje ni mo fi bá a ṣiṣẹ́, kò sọ ọ́ fún mi rí. Èmi náà ò sì béèrè. Àṣé ìdí nìyẹn tí tírà ẹ̀ ò fi jọ tiwa."

"Tírà wo?"

"Èyí tó kàn mọ́ òpó ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ bá a tún un kàn kó nàró, ó gbá mi lọ́wọ́."

Adépọ̀jù wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi túmọ̀ tírà tì. Nílùú yìí, ìwé mímọ́ ni tírà, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sínú rẹ̀ tí wọ́n rán sínú awọ, tírà náà ni. Nígbẹ̀yìn, ó ní, "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n ká sínú nǹkan kékeré, tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà."

Dáníẹ́lì di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Níbo?"

Àbdùlkàrímù ti dìde, ó ń wá bàtà. Òun ló ṣíwájú wọn dé ẹ̀bá Ọjà Tuntun, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n so sílípáàsì rọ́bà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó kí ọlọ́jà, ó ká sílípáàsì náà sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan òpó ọwọ́ ọ̀tún. Lábẹ́ ọ̀dà bí oríṣi márùn-ún, ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ nínú igi náà ṣì wà. Ó gùn tó ìka àárín, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ìṣó wà lókè àti nísàlẹ̀.

Dáníẹ́lì fi ìka kàn án. Ó gbé ìka náà sẹ́nu, ó fi ẹnu kò ó.

"Méjìlá," ló wí.

Ọlọ́jà béèrè bóyá òyìnbó fẹ́ ra sílípáàsì.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Àbdùlkàrímù dúró kí wọ́n tó pínyà. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé. "Ọkùnrin yìí la òkun kọjá torí orúkọ bàbá ẹ̀. Láti ilé rẹ dé ibi tí àbúrò mi sùn, Onílétà, ó tó máìlì méjì?"

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Adépọ̀jù wọ agbádá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mú Danjuma tó ń fín òkúta dání. Danjuma gbé òkúta pẹlẹbẹ kan rù. Orúkọ Ṣilómò wà lára rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti ní lẹ́tà Hébérù tí Dáníẹ́lì yà sórí bébà fún un. Ayọ̀díjí dúró sẹ́nu géètì itẹ́ òkú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ ti jókòó lórí tèmi. Mo mọ bí ẹ ṣe ń jókòó. Ṣí i."

"Mi ò lè ṣí i. Ẹ má bínú sí mi."

"N kò bínú." Adépọ̀jù bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e lé Dáníẹ́lì lọ́wọ́. Ó rìn lọ sídìí ògiri, níbi tó ti rẹlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Eékún rẹ̀ ké, ṣùgbọ́n ajá ti lé e gun ògiri tó ga ju èyí lọ.

"Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ayọ̀díjí, mo gbé létà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ ẹni tó wà lára ẹ̀ ni mo ń wò, n kì í wo irú ẹni tó wù mí kó jẹ́. Èyí tí orúkọ ẹ̀ bá ṣì, kì í délé. Méjì wà níhìn-ín tí kò tíì délé."

Kọ́kọ́rọ́ dún nínú géètì.

Danjuma fi sùúrù tú ìdí àgbélébùú náà, ó fà á yọ láìfọ́. Adépọ̀jù fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó sì gbé e fún Ayọ̀díjí. "Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ṣẹ̀. Àdírẹ́sì ló ṣì."

Ayọ̀díjí gbà á. Ó gbá a mọ́ àyà.

Wọ́n ri òkúta tuntun mọ́lẹ̀. Dáníẹ́lì ka àdúrà kúkúrú kan ní èdè àwọn bàbá rẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, ó gbé e lé orí sàréè bí àwọn Júù ṣe ń ṣe fún òkú wọn. Danjuma bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin rẹ̀ sínú àpò.

"Má tíì palẹ̀ mọ́," Adépọ̀jù wí.

Ó ṣíwájú rẹ̀ lọ sábẹ́ igi dọ́gọ́ńyárò. Ayọ̀díjí tẹ̀lé wọn, àgbélébùú ṣì wà láyà rẹ̀. "Bàbá, kí ni kí n sọ fún ìgbìmọ̀?"

"Sọ ohun tí ojú rẹ rí."

Danjuma kúnlẹ̀ síwájú òkúta Juliana, ó fi ìka wọn àyè tó wà níbẹ̀. Adépọ̀jù pe Mùnírátù fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń rí i lára àpò ìwé nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, nígbà tó máa ń fẹsẹ̀ falẹ̀ ní Ọjà-Ọba kí ó lè fi létà lé ọmọge náà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Àyè wà lókè, ó wà nísàlẹ̀," Danjuma wí. "Èwo ni kí n kọ ọ́ sí, Bàbá?"

"Òkè. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́."