Ọwọ́ Tí Biddy Ń Wò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá ọkọ mi wá ajá nínú igbó. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn bí ọdún mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ìyókù, ìfaradà ni.

Ẹni tó bá ti wo ìdíje ajá ẹyẹ rí ní gúúsù Jọ́jíà níbí mọ bó ṣe ń lọ. Wákàtí kan ni ajá ní. Àwọn adájọ́ á wà lórí ẹṣin, ẹni iwájú á gun ẹṣin tirẹ̀ ṣáájú wọn, á máa súfèé, á máa kọrin sí ajá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ajá bá gbóòórùn àparò nínú koríko, á dúró gan, ìrù rẹ̀ á nà sókè, ẹni iwájú á ṣí fìlà, á kígbe pé, "Ó ti dúró!" Wọ́n á lé àwọn ẹyẹ náà fò, wọ́n á yìnbọn sókè, ajá ò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ajá bá wọgbó tí wọn ò rí i mọ́, ẹnìkejì ló máa wọ inú ẹ̀gún lọ wá a. Awájá la ń pè é. Awájá kì í sí nínú fọ́tò, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sí nínú ìwé. Èmi Ozella ni awájá Alton Grier.

Bàbá Alton pàápàá, awájá ni. Ogójì ọdún ló fi sin òyìnbó kan. Ife ẹ̀yẹ mẹ́fà ni àwọn ajá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gbà, gbogbo rẹ̀ wà lórí pẹpẹ nílé òyìnbó yẹn. Lọ́jọ́ tí a sin baba náà, Alton dúró létí sàréè, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Zella, orúkọ Grier máa wọ̀wé. Mo búra." Èmi náà ń jẹ́ Grier. Mo rò pé mo wà nínú ìbúra náà.

Biddy ni ọmọ kẹsàn-án tí Queenie, abo ajá wa, bí ní oṣù kejì, nígbà tí omi ń dì sínú ike. Ìyá rẹ̀ ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé e sínú ẹ̀wù mi.

Alton ní, "Ìyẹn ò lè yè. Fi í sílẹ̀ jàre."

Mo ní, "Ìwọ náà ò jọ ẹni tó lè yè nígbà tí mo fẹ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín ò tíì wọ́n nílé wa nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni mo ti fi ìgò ọmọdé fún Biddy ní wàrà, ó sì yè. Nígbà tó pé ọdún méjì, kò sí ajá kan láti ilé wa dé ìpínlẹ̀ Alabama tó lè sáré bíi tirẹ̀. Okùn gígùn àti ohùn ẹnu ni mo fi kọ́ ọ. Mo ti kìlọ̀ fún Alton pé kò gbọdọ̀ fi bẹ́líìtì oníná kan ọrùn rẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn ní eyín irin méjì tó ń kan awọ ajá. Wàá di bọ́tìnnì kan mú lọ́wọ́, bó o bá sì tẹ̀ ẹ́, iná á mú ajá níbikíbi tó bá wà. Ó ti fi í kọ́ Major, ajá tirẹ̀, kó má lé àgbọ̀nrín mọ́, ó sì ṣiṣẹ́, torí pé olórí líle ni Major. Ajá wà tó o lè nà. Ajá sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan lo lè bá a sọ.

Ó ní, "Ó dáa, ajá ẹ ni."

"Tó bá jẹ́ ajá mi ni, ṣé èmi ni mo máa wà níwájú níbi ìdíje Pine Hollow lọ́dún yìí?"

Ó ń pa èso pikáànù jẹ nígbà yẹn. Ó tutọ́ èèpo dànù. "A máa wò ó."

A máa wò ó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbọ́ èyí.

Ní oṣù kẹwàá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Jacksonville. Mo lọ tọ́jú rẹ̀, mo sin ín, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, Alton ti ń dúró dè mí níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, ó gbé kọfí lọ́wọ́. Ó gba báàgì mi.

Ó ní, "Mo ti rò ó, Zella. Ìwọ ni kó o wà níwájú Biddy. Èmi á ṣe awájá fún ẹ."

Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àmọ́ mi ò rántí àwọn àgbà lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú.

Nígbà tí a délé, Biddy ò jáde nínú àpótí rẹ̀ àfìgbà tí Alton kọjá. Alton ní àárò mi ló ń sọ ọ́. Ó ní kí n má tíì mú un lọ sídìí ẹyẹ, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìgbà tó ń wá akọ ni, kó sinmi kí ìdíje tó dé. Mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ojú títì nìkan la jọ ń sáré, èmi lórí ẹṣin, òun níwájú mi. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ní Pine Hollow, mo dé fìlà tuntun. Mísítà Tuten, adájọ́ àgbà, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Mìsíìsì Grier, mi ò rí obìnrin níwájú rí níbí o. Ẹ má jẹ́ kí ẹṣin gbé yín lulẹ̀."

Mo ní, "Sà, ẹ di ìjánu tiyín mú dáadáa. Mo ti di tèmi mú."

Àwọn tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Alton náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà sínú igbó bí awájá ṣe ń ṣe. Mo tú Biddy sílẹ̀. Olúwa mi! Ó gba abẹ́ igi páìnì lọ bí ẹni pé ilẹ̀ ń ti í lẹ́sẹ̀. Mo kọrin sí i, ohùn mi sì dá ṣáká. Ogún ìṣẹ́jú péré ni, mo ń sọ fún yín, kò sì sí ogún ìṣẹ́jú míràn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Lẹ́yìn náà ló dé ẹ̀bá koríko gíga kan. Orí rẹ̀ yí, imú rẹ̀ mú un. Mo ti fọwọ́ kan fìlà. Biddy bá bojú wẹ̀yìn wò mí. Kì í ṣe ojú mi ló wò, ọwọ́ mi ni. Ìrù rẹ̀ sì wálẹ̀, ó yí ibẹ̀ po, ó bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Ẹṣin mi gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, bí àparò méjìlá ṣe fò láti ojú ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló rí i.

Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mísítà Tuten ti ìwé rẹ̀ bọ àpò. Ó ní, "Ẹ mú un kúrò, Mìsíìsì. Ó tó."

Ẹnì kan ní lẹ́yìn mi pé, "Ọwọ́ obìnrin ti rọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí." Ẹnìkejì ní, "Ìkẹ́ ló bà á jẹ́."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbá Biddy mọ́ra. Abẹ́ ọrùn rẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan èépá méjì, wọ́n tó hóró àgbàdo. Mo mọ àlàfo tó wà láàárín eyín irin yẹn bí mo ṣe mọ àlàfo eyín tèmi.

Mo dúró de Alton lẹ́yìn ọkọ̀ tí a fi ń kó ajá.

"Kí lo ṣe fún ajá mi?"

Kò sẹ́. "Mo rò pé àgbọ̀nrín ló ń lé. Ó wà nínú koríko gíga, mi ò rí i. Mo tẹ bọ́tìnnì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀, àparò ń fò lọ lórí ẹ̀."

Kò sí ẹni tó ń kọ́ ajá tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Biddy dúró bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó dúró, iná sì jó o lójú ibẹ̀. Lójú tirẹ̀, àparò ló jó o.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ kẹta tó o lọ."

"O ti mọ̀ kó o tó wá pàdé mi pẹ̀lú kọfí?"

"Mo rò pé ọwọ́ ẹ lè wò ó sàn, Zella. Ìwọ ló ń gbọ́ tiẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ń wo ìjánu ẹṣin rẹ̀. "Aago méjì ni Major máa sáré. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n kọ irú ẹ̀ mọ́ orúkọ mi láàárọ̀, kí n tún jáde síwájú wọn lọ́sàn-án."

Orúkọ mi. Ohun tí òyìnbó yẹn fi jẹ bàbá rẹ̀ níyà, òun náà ló wá fi jẹ mí. Mo fẹ́ gbá a létí. Mi ò gbá a.

"Ta ló máa bá mi wá Major?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀, kò tijú.

Mo gun ẹṣin.

Major ti dúró lórí àparò lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdajì wákàtí tó pé, kò sì ṣìṣe kankan. Ife ti fẹ́ kan Alton lọ́wọ́. Nígbà tó ku bí ogún ìṣẹ́jú ni Major wọ etí odò kékeré, a ò rí i mọ́. Alton fi fìlà juwọ́ sí mi pé kí n lọ.

Mo rí i. Ó wà lódìkejì omi láàárín ẹ̀gún, ó dúró, ìrù rẹ̀ lókè, àwọn àparò sì ń rìn jẹ́jẹ́ níwájú rẹ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù. Bí wákàtí bá pé tí adájọ́ ò fojú kàn án, gbogbo ohun tó ti ṣe ti ṣòfò. Kí n ṣáà ṣí fìlà, kí n kígbe, wọ́n á gbọ́.

Mo gbọ́ fèrè Alton. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Major gbọ́ ọ, etí rẹ̀ mì. Kò kúrò níbẹ̀, torí pé èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má kúrò títí ẹnì kan á fi dé.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo la omi kọjá, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mi ò lanu. Ìgbà tí aago pé ni mo dìde, mo lé àwọn ẹyẹ náà fò, mo sì sọ fún un pé, "O ṣe é dáadáa, Major." Òun ò ṣẹ̀ mí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi dá ara mi láre.

Nígbà tí mo fà á dé, ojú Alton ti pọ́n. "Níbo lo ti rí i?"

"Ojú ọ̀nà. Kò sí nídìí ẹyẹ kankan."

Ó wo orúnkún mi méjèèjì tí ẹrẹ̀ bò. Àárín ajá ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ajá tó dúró lórí ẹyẹ ni ènìyàn ti ń kúnlẹ̀. Ará Alabama kan ló gbé ife lọ.

A ṣì jọ wà nílé kan náà. Mo ń bọ́ àwọn ajá láti apá ọ̀tún, ó ń bọ́ wọn láti apá òsì. Àràárọ̀ ni mò ń mú Biddy lọ sínú pápá ẹ̀yìn ilé, láìsí okùn, láìsí ìbọn. Ní oṣù kìíní, Alton tẹ̀lé wa láìjẹ́ pé mo pè é. Nídìí ọgbà àtijọ́, Biddy gbóòórùn àparò. Ó dúró. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó wo ọwọ́ mi, òfìfo ni. Ó wá wo ọwọ́ Alton.

Alton bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó là wọ́n gbayawu.

Ó ní, "Wò ó, Biddy. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ dáadáa, jọ̀ọ́, wò ó."

Biddy wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ìrù rẹ̀ kalẹ̀, ó yí àwọn ẹyẹ náà po, ó sì wá sẹ́sẹ̀ mi.

Mo pe ajá mi, a lọ sílé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ Alton ṣì wà lókè.