Ẹ̀rín Inú Ọkọ̀ Aláwọ̀ Eérú

Fara-balẹ̀ ni gbogbo oníbàárà ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ìkánjú wa ọkọ̀ wọ ọgbà iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn mú un yára. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni obìnrin náà ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, á gba pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀fúùfù wa ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wọlé, àlòkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, náítírọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi sí i.”

Fara-balẹ̀ ń fi àkísà nu ọwọ́. “Ṣé gáàsì tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì jẹ epo bí ẹni tí kò jẹun láti àná yẹn?”

“Òun náà ni.”

“O mọ̀ pé tí a ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, inú ẹ́ńjìnnì á yọ́ bí òrí?”

“Ìdí tí mo fi gbé e wá fún yín nìyẹn. Tí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn, á parí rẹ̀ kí n tó mu omi tán, èmi náà á sì parí.”

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ ṣe Fara-balẹ̀ ní kàyéfì. Láti kékeré ló ti mọ ẹ̀rín àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín tín-ín-rín tó máa ń yára tán. Èyí nípọn, ó falẹ̀, ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀ bí ẹ̀rín ọkùnrin tó sanra. Ọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́rìn-ín ti tán, ẹ̀rín náà kò tán. Nígbà tó dáwọ́ dúró, Ẹ̀fúùfù fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́yìn.

“Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò mọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn tí mo bá ti pẹ́ nínú rẹ̀.”

Èéfín ni ọkàn Fara-balẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí. Ó ní bóyá páìpù èéfín ti lu, tó ń rọra wọ inú ọkọ̀, tó ń kó sí àbúrò òun lórí. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó yẹ páìpù náà wò láti orí dé ìdí. Kò sí ibi tó lu. Ó ní kò burú, òun á máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é lọ. Inú búùtù ni sílíńdà gáàsì máa wà, a ó fi irin dè é mọ́lẹ̀ kó má baà fò bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Fáàfù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní páìpù tó yọ sí ìta lábẹ́ ọkọ̀, kó lè jẹ́ pé bí oòrùn bá mú sílíńdà náà gbóná jù, ìta ni gáàsì á tú sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bí gáàsì bá ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì ni epo náà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i, torí gáàsì láìsí epo ló ń yọ́ irin. Ó pààrọ̀ àwọn púlọ́ọ̀gì sí irú tí kì í tètè gbóná. Ẹnu páìpù gáàsì tó kéré jù lọ ló fi bẹ̀rẹ̀, kí gáàsì má baà pọ̀ jù.

“Súìṣì mẹ́ta ni mo máa fi sí i,” ó ní. “Ọ̀kan kò ní jẹ́ kí gáàsì jáde àfi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹná délẹ̀. Ìkejì ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá wọn. Tí a bá pa á, gbogbo ẹ̀ ti kú nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi ẹ̀ṣọ́ yí mi ká bí ìyàwó ọba.”

“Ìyàwó ọba kì í tẹná tó ọ.”

Ìgbà tó ṣí ìjókòó ẹ̀yìn láti gba wáyà kọjá ló rí páànù kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó tú u. Sílíńdà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ àtijọ́ wé. Kì í ṣe ti ọkọ̀. Gáàsì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ máa ń ní òórùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á símú. Irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò nìyí, tí kò ní òórùn rárá, tó sì máa ń pa ẹni tó bá fà á símú lẹ́rìn-ín. Páìpù rẹ̀ ti sán lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ gan-an. Gééjì rẹ̀ wà lórí òdo, aláǹtakùn sì ti ta òwú sí ẹnu fáàfù rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí gáàsì ti tán nínú rẹ̀.

Bó ti gbé e jáde, ó jókòó sínú ọkọ̀ láti so súìṣì ọ̀gá mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Oòrùn mú ganrín-ganrín níta, àwọn èèyàn ń kọjá, ẹnì kan ń fi jáàkì gbé táyà sókè ní ọgbà kejì. Gíláàsì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú látinú, bí ìgbà tí èèyàn ń mí sí dígí. Fara-balẹ̀ nù ún. Ó tún ṣú. Nígbà náà ló gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó sì ṣàdédé rí i pé ẹ̀rín ti ń gun àyà òun náà bọ̀, òun tí kò sí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó já ilẹ̀kùn ṣí, ó bọ́ sílẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti tú u síta. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí.

Kò fi í pa mọ́ fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀fúùfù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bóyá gáàsì tó ṣẹ́ kù lára aṣọ tí wọ́n fi wé sílíńdà ló wọ̀ yín lórí. Ẹ ti gbé sílíńdà náà kúrò, ó ti tán.” Fara-balẹ̀ fẹ́ gba bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó dá ìjókòó padà, ó parí iṣẹ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá àtijọ́ láti dán an wò. Fara-balẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀, ìka rẹ̀ kò kúrò lára súìṣì ọ̀gá. Wọ́n kọ́kọ́ sáré láìsí gáàsì. Ó dára. Wọ́n wá ṣí gáàsì. Ọkọ̀ náà gbé wọn bí ẹni pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ tì wọ́n láti ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà.

“Ó tó, gbé ẹsẹ̀.”

Kò gbé ẹsẹ̀. Ọgbà wáyà tó wà lópin pápá ń sún mọ́ wọn. Fara-balẹ̀ wojú rẹ̀, ó rí i pé ojú ọ̀nà kọ́ ló ń wò, dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ló tẹjú mọ́, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń dá ẹnì kan lóhùn. Fara-balẹ̀ pa súìṣì ọ̀gá. Ipá inú ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sọ wọ́n síwájú, Ẹ̀fúùfù sì ta jí. Ó tẹ bíréèkì. Táyà ké, wọ́n dúró níbi tí èèyàn ti lè na ọwọ́ kan wáyà ọgbà náà.

Ẹ̀fúùfù pa ẹ́ńjìnnì.

“Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn,” ó ní. “Ó ní kí n má tíì dúró.”

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún Ẹ̀fúùfù ló júwe ilé tí wọ́n ti gbé e wá. Aránṣọ ni obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Fara-balẹ̀ kí i, ó sì ń wá bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń wo ọkọ̀ náà sùn-ùn láti orí èjìká rẹ̀.

“Ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín?” ló bi wọ́n.

Ọkọ rẹ̀, tí òun náà ń fi ọkọ̀ sáré ìje, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to gáàsì náà sínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní òórùn gáàsì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ń fún òun lọ́fun, ó lọ wá èyí tí kò ní òórùn. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tó gbé gíláàsì sókè, páìpù sán lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀. Wọ́n bá a lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

“Ẹ̀rín ló kú sí,” ni obìnrin náà wí. “Mi ò lè máa wo ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ títí. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé ọkọ̀ náà lọ tà.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó sì pa á dé. Àwọn méjèèjì dúró síta, wọ́n ń wò ó. Wọ́n rí i tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí àyè òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣú nítorí èémí rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kejì náà ṣú. Ẹ̀fúùfù di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ṣinṣin. Nígbà tó yá, ti ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, láti etí wá sí àárín, títí kò fi ku nǹkan kan.

Obìnrin náà jáde, ó fi etí aṣọ nu ojú.

“Ó ń béèrè bóyá òun ti dé òpin eré. Mo ní ó ti dé tipẹ́, òun nìkan ni kò mọ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Alágídí ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tèmi.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀fúùfù gbé ọkọ̀ náà sáré. Gbogbo súìṣì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, gíláàsì mọ́ gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ipò kejì ló sì mú láàárín àwọn ọkọ̀ tó ju tirẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ́ bò ó, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Ó kàn ń mi orí, ètè rẹ̀ pa pọ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Fara-balẹ̀ sún mọ́ ọn. “Kí ló dé tí inú rẹ kò dùn?”

“Inú mi dùn.” Ó fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀. “Ẹ̀rín kan wà níbí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ la ẹnu títí màá fi mọ̀ pé tèmi ni.”

Fara-balẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbogbo gíláàsì ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì wà á lọ sílé bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.